Ìmúdójúìwọ̀n òru: àgbéyẹ̀wò hosting WordPress tí wọ́n ń bá ni bójú tó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn sì wà ní London àti ní Houston. Èmi ni mo ń ṣe àbójútó ìkànnì tí àwọn oníbàárà wọ̀nyí ti ń rajà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, a gbé ìkànnì náà kúrò lórí hosting olówó pọ́ọ́kú (hosting ni ààyè tí ìkànnì ń yá gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn tó fi WordPress, ìyẹn sọ́fítíwià tí a fi ń kọ́ ìkànnì, kọ́ ìkànnì wọn bójú tó gbogbo ohun tó wà lábẹ́lẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ló kan gbogbo ẹni tó ń ṣe irú òwò yẹn, àti nítorí pé nínú àwọn ohun tí mo fẹ́ ráhùn lé lórí, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Ohun kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: bí sọ́fítíwià ṣe ń di tuntun lóru láìjẹ́ pé oníkànnì tẹ bọ́tìnì kankan, èyí tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní ápúdéètì, tí àwọn fóònù wa sì ti kọ́ wa láti máa pè ní ìmúdójúìwọ̀n.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà púpọ̀ ni ìkànnì bíi tiwa. Linux tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀, fi ń ṣiṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lórí rẹ̀ ni sọ́fítíwià tó ń fi ojú ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè wà, pẹ̀lú dátábéèsì, MySQL tàbí MariaDB, tó ń tọ́jú iye owó, orúkọ ọjà àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà. PHP ni èdè tí wọ́n fi kọ WordPress, WordPress jókòó lórí PHP, WooCommerce tó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù jókòó lórí WordPress, lókè téńté sì ni theme tó fún ṣọ́ọ̀bù náà ní ojú, àti plugin mẹ́tàdínlógún mìíràn, ìyẹn àwọn sọ́fítíwià kéékèèké tí a fi ń kún iṣẹ́ WordPress, tí ọ̀kan ń ṣírò owó ìfọjàránṣẹ́, tí òmíràn ń gba owó káàdì. Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àjà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, kò sì sí èyí tó ń dúró de ìkejì rẹ̀ kí ó tó gbé ẹ̀yà tuntun síta. Lórí hosting olówó pọ́ọ́kú, ilé-iṣẹ́ a máa tọ́jú Linux, oníkànnì ni yóò sì wá bí yóò ṣe ṣe ìyókù. PHP tiwa wà lójú kan náà fún ọdún mẹ́ta gbáko nítorí pé kò sí ẹni tó rántí rẹ̀. Lórí èyí tí a wà báyìí, ilé-iṣẹ́ ló ń tọ́jú ohun gbogbo títí dé WordPress, ó sì ń tọ́jú plugin àti theme náà bí èèyàn bá fi owó díẹ̀ kún un.

WordPress fúnra rẹ̀ mọ bí a ti ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n. Láti ẹ̀yà 3.7, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń dí ihò ààbò ti ń wọlé fúnra wọn. Ní ẹ̀yà 5.5, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n fi bọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ plugin àti theme kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó bá fẹ́ lè jẹ́ kí àwọn náà máa tún ara wọn ṣe. Nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ẹ̀yà 5.6 sọ ọ́ di àṣà pé kí ìkànnì tuntun máa gba àwọn ẹ̀yà ńláńlá náà láìbéèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni WordPress máa ń béèrè lọ́wọ́ sáfà àgbà àwọn tó ń ṣe é bóyá nǹkan tuntun ti dé. Àmọ́ àlàfo kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníkànnì kò mọ̀. Aago tí WordPress fi ń rántí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí àlejò kan bá ṣí ojú ìwé ni aago náà tó ń jí wo bóyá iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ìkànnì tí kò lálejò fún ọjọ́ mẹ́ta lè sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ihò ààbò sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ wa fi yàtọ̀ nìyẹn. Ó pa ẹ̀rọ ìmúdójúìwọ̀n ti WordPress, ó sì fi tirẹ̀ rọ́pò. Tirẹ̀ ní aago gidi, kì í sì í dáwọ́ lé gbogbo ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà: díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣe, bí nǹkan kò bá sì fọ́, yóò kan ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yà kéékèèké máa ń dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ti ẹ̀yà ńlá a máa pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tí mo fara mọ́, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀yà ńlá bá jáde ni àwọn oníplugin máa ń sáré tún ti wọn ṣe.

Ẹni tó bá ń bi mí pé kí ló dé tí a kò kàn pa gbogbo ẹ̀ tì, kí a máa fi ọwọ́ ara wa ṣe é nígbà tí ààyè bá yọ, oṣù Kìíní ọdún 2017 ni mo máa ń rán an létí. Ẹ̀yà 4.7.2 jáde lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ó sì dí ihò kan tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni, láìní ọ̀rọ̀ aṣínà, lè wọlé yí ohun tí a kọ sórí ìkànnì padà. Àwọn tó ń ṣe WordPress mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lórí ihò náà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kejì kí ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣiṣẹ́ lè kọ́kọ́ dé ibi púpọ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ síta, àwọn ìkànnì tí ẹni tó ni wọ́n ti pa ìmúdójúìwọ̀n ni àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì ya bò, ojú ìwé lóríṣiríṣi sì di ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ara wọn sí. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà péré ni ẹni tó ní ẹ̀rọ àti ẹni tó ń dúró de ìgbà tí ààyè bá yọ fi pínyà.

Ẹ̀rọ náà sì lè ṣìnà. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ẹ̀yà 4.9.3 jáde pẹ̀lú àṣìṣe kan nínú apá tó ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n gan-an, débi pé ìkànnì tó bá ti gbà á kò lè fúnra rẹ̀ gba òmíràn mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé 4.9.4 jáde, àmọ́ ọwọ́ ni oníkànnì yóò fi fà á wọlé, àfi bí hosting rẹ̀ bá ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, a sì ti tilẹ̀kùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ka ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ń lò sí ohun tó tó owó rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lóru nìyí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń rí i nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń fún wa. Wọn yóò kọ́kọ́ ya ẹ̀dà ìpamọ́ gbogbo fáìlì àti dátábéèsì. Wọn yóò ya àwòrán ojú ìwé tí a yàn. Wọn yóò fa ẹ̀yà tuntun plugin kan wọlé, wọn yóò tún ya àwòrán ojú ìwé wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ yóò sì fi àwòrán méjèèjì wéra. Bí ìyàtọ̀ bá kọjá ìdá tí a fi lélẹ̀, wọn yóò dá plugin náà padà sí ẹ̀yà àná, wọn yóò sì kọ ímeèlì sí wa. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ tó pọ̀, ó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ fún ìkànnì wa, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré nínú rẹ̀ sì ni àlejò lè bá ìkéde pé iṣẹ́ àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Bí iná bá kú lójú iṣẹ́, kí fáìlì tó ń gbé ìkéde yẹn síta má kúrò, WordPress kò ní kà á sí mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ó máa torí rẹ̀ ké gbàjarè.

Àmọ́ òru ta ni? Aago méjì òru ni wọ́n kọ síbẹ̀, n kò sì bìkítà títí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí pé oníbàárà kan kò lè sanwó láago mẹ́jọ àárọ̀. Aago méjì òru ti Chicago ni. Ó jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Ìsẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti wọn, ó sì di mẹ́sàn-án nígbà òtútù wọn, nítorí pé wọ́n máa ń yí aago padà, àwa kì í sì í yí tiwa. Àkókò tí gbogbo ènìyàn fi ń sùn lọ́dọ̀ wọn ni àwa fi ń ṣí ìsọ̀. Ibi tí a ti lè yí i padà wà, ojú ìwé mẹ́rin sì ló pa á mọ́ sí. Mo ti gbé e sí aago mẹ́ta òru tiwa, a kò sì tún gbọ́ ẹjọ́ yẹn mọ́. N kò rídìí tí ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn káàkiri àgbáyé kò fi lè béèrè aago onílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ lẹ́tà, èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2023, ímeèlì dé pé theme wa ti di tuntun, pé ìdánwò yege, pé kò sí ohun tí a ní láti ṣe. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí fóònù mi dún.

“Àbúrò mi, kí ló ṣe orúkọ ìlú wa tí àmì orí rẹ̀ ń fò kiri? Wọ́n ní Ìsẹ́yìn kò ṣeé kà mọ́.”

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.”

Mo ṣí ojú ìwé náà. Ìkànnì ń ṣiṣẹ́, àwòrán aṣọ wà níbẹ̀, owó ṣeé san. Àmọ́ nínú àkọlé ńlá tó wà lókè, àmì ohùn tó yẹ kó jókòó sórí ẹ ti rìn sọ́wọ́ ọ̀tún, ó lọ fi orí sọ y. Lórí fóònù mìíràn, àpótí òfìfo kékeré ló jókòó sípò rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀. Àmọ́ ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ni a óò kọ́kọ́ kọ, a óò wá fi àmì ohùn tẹ̀ lé e, irú lẹ́tà tí ìkànnì ń lò ni yóò sì so méjèèjì pọ̀. Irú lẹ́tà tí kò mọ Yorùbá kò ní mọ ibi tí àmì ń jókòó sí. Nígbà tí a ń kọ́ ìkànnì náà, mo ti fi Noto Sans rọ́pò lẹ́tà tí theme gbé wá, nítorí pé Noto mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ibi tí mo kọ ìlà mẹ́rin tó pàṣẹ yẹn sí ni mo ti ṣe àṣìṣe: inú fáìlì theme gan-an ni mo kọ ọ́ sí. Ìmúdójúìwọ̀n theme kì í tún fáìlì ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Fódà àtijọ́ ni yóò kó sọ nù, yóò sì gbé odidi tuntun sípò rẹ̀. Ìlà mẹ́rin mi bá a lọ.

Ẹ̀bi mi ni. Gbogbo ẹni tó ń ṣe WordPress ló mọ̀ pé inú theme ọmọ, ìyẹn fódà kékeré tó ń jogún lára theme òbí tí ìmúdójúìwọ̀n kì í sì í fọwọ́ kàn, ni a ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sí, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀lẹ ló ṣe mí lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo fi ń bá ilé-iṣẹ́ wí ni ọ̀rọ̀ pé ìdánwò yege. Ẹ̀rọ fi àwòrán méjèèjì wéra, ó rí i pé ìyàtọ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì kọjá lọ. Lóòótọ́ ni, àmì ohùn kò ju èékánná lọ lójú àwòrán. Ẹ̀rọ mọ ìkànnì tó kú, kò mọ èyí tó ń ṣìsọ. Fún ẹni tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tajà, ìyẹn lè tó. Fún ìkànnì tó jẹ́ pé Yorùbá alámì ni gbogbo orúkọ ọjà rẹ̀, láti sányán dé ẹtù dé àlàárì, kò tó rárá. Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì dé láàárín wákàtí méjì, ó sì ní ọ̀wọ̀: òṣìṣẹ́ náà fi hàn mí pé mo lè gé apá kan ojú ìwé kí ẹ̀rọ máa wo ibẹ̀ nìkan, kí n sì sọ ìdá náà di kékeré. Mo gé àkọlé òkè sọ́tọ̀. Láti ìgbà náà, bí àmì kan bá ṣí kúrò lórí Ìsẹ́yìn, ẹ̀rọ á kígbe.

Ti ọdún 2024 ni ó dùn mí jù. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, WordPress 6.6 mú ohun kan wá tí mo ti ń retí: bí plugin bá tún ara rẹ̀ ṣe, tí ìyẹn sì mú kí ìkànnì dákú, WordPress yóò dá fáìlì àtijọ́ padà fúnra rẹ̀. Ohun tó dára ni, àmọ́ fáìlì nìkan ló ń dá padà. Bí plugin náà bá ti yí dátábéèsì padà kí ó tó dákú, dátábéèsì wà bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́yìn oṣù mélòó kan lórí plugin owó ìfọjàránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó wà lórí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ yára tẹ bọ́tìnì ẹ̀dà ìpamọ́ aago mẹ́ta òru, ìkànnì sì jí. Ẹ̀dà náà jí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní aago mẹ́ta òru, bíbéèrè ọjà mẹ́ta tó wọlé láti London láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́jọ sì pòórá nínú dátábéèsì. Owó ti kúrò nínú káàdì àwọn oníbàárà, orúkọ wọn kò sì sí níbì kankan lórí ìkànnì. Ímeèlì tí ilé-iṣẹ́ agbowó-káàdì fi ṣọwọ́ sí wa ló gbà wá. Mo fi ọwọ́ tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi sì fi fìlà kan ta oníbàárà kan lọ́rẹ nítorí pé ó ti bínú. Ìkànnì tó ń gbé ìwé ìròyìn jáde lè padà sí àná kí ẹnikẹ́ni má fura. Ṣọ́ọ̀bù kò lè padà sí àná. Kò sí ibì kankan lójú ìwé tí wọ́n fi ń polówó ìmúdójúìwọ̀n wọn tí a ti kọ ìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo ti yọ máàkì tó pọ̀ jù lára wọn.

Lórí PHP, mo gbóríyìn fún wọn. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni àtìlẹ́yìn ààbò fún PHP 7.4 dópin, wọ́n sì ti kọ̀wé sí wa ní oṣù méjì ṣáájú pé àwọn yóò gbé gbogbo ìkànnì lọ sórí PHP 8. Wọ́n fún wa ní ìkànnì àdánwò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀dà ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti ìta, kí a kọ́kọ́ dán an wò níbẹ̀. Ó dára tí a dán an wò, torí pé ojú ìwé ìsanwó kú fin-ín. Plugin kan tí ẹni tó ṣe é ti pa tì ló fà á. Ó ní ibi kan tó ti ń ka iye ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ oníbàárà, kò sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá apẹ̀rẹ̀ wà rárá. Bí apẹ̀rẹ̀ kò bá sí, PHP 7.4 a kàn kùn sínú ìwé àkọsílẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ. PHP 8 a da iṣẹ́ nù lójú ẹsẹ̀. Adìẹ bà lókùn: plugin kò rọgbọ, PHP kò rọgbọ. Mo yọ plugin náà, mo fi òmíràn rọ́pò, nígbà tí ọjọ́ ìṣípòpadà sì pé, oníbàárà kankan kò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Owó ńkọ́? Dọ́là 25 lóṣù ni a ń san fún hosting fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tíì lé. Dọ́là ni kò lé. Náírà ní tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 11,500 ni iye náà ní báńkì, nígbà tí náírà 1,500 sì di dọ́là kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di náírà 37,500. Fún ìkànnì tí kò ju ojú ìwé márùn-ún lọ, tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n kò ní gba ènìyàn nímọ̀ràn láti san iye yẹn. Kí ó tan bọ́tìnì ìmúdójúìwọ̀n ti WordPress fúnra rẹ̀, kí ó wá plugin tí yóò máa fi ẹ̀dà ìpamọ́ ránṣẹ́ síta, ó ti tó. Ẹni tó ń tajà ni kí ó rò ó dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan tí íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìtàn ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, n kò lè ṣí ìkànnì wa láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí mo padà rọ́nà wọlé, mo bá a pé wọ́n ti ṣe ìmúdójúìwọ̀n plugin méjì, ẹni kan ní Houston sì ti ra àlàárì.

Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ báyìí nìyí, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wa ti rí. Ẹ̀yà kéékèèké WordPress ń wọlé fúnra rẹ̀, a kò sì dá sí i. Theme àti àwọn plugin tí kò kan owó ń wọlé lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, pẹ̀lú àwòrán àkọlé tí a gé sọ́tọ̀. WooCommerce àti plugin tó ń gba owó, orí ìkànnì àdánwò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń wọlé. Èmi ni mo ń ra aṣọ kan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó jẹ́ kí wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀bù gidi, a sì ti ń ya ẹ̀dà dátábéèsì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, èyí tó fi dọ́là mẹ́rin kún owó oṣù. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bí ímeèlì ilé-iṣẹ́ bá ti wọlé pé ìdánwò yege, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí fóònù, wọ́n á ka orúkọ ìlú tó wà lókè sókè ketekete, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Ó péye.”